Lẹ́tà ṣíṣí sí ìdílé Carvallo: Ẹ kọ ọdún tí wọ́n dá ọgbà Villandry sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀

Sí Ọ̀gbẹ́ni Henri Carvallo, àti gbogbo ará ilé tí ẹ jọ ń tọ́jú ilé ńlá àti ọgbà Villandry,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwa èrò tí a ń wọ́ tìrítìrí wá sí ẹnu ọ̀nà yín ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òtútù. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé àtijọ́ ti í jẹ owó yóò mọ̀ pé ìkíni yìí kì í ṣe ti orí ahọ́n.

Èmi ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé dé ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé ni mo kọ ìwé yìí. Bí àlejò bá ti ilé wá, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ. Villandry kò jìnnà sí wa, nǹkan bíi kìlómítà 15 péré ni, ọgbà tí wọ́n sì ti ń gbin alùbọ́sà, ìgbá àti ata tètè máa ń wọ ará ilé lọ́kàn ju èyí tí ó jẹ́ kìkì òdòdó lọ. Mo kọ ọ́ ní èdè Yorùbá nítorí pé ẹnu àwọn àlejò wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn náà kà á. Ẹ̀yin kò ní wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín tì. Ọmọ Yorùbá kò wọ́n ní Paris.

Bí wọ́n bá ti wo ọgbà náà tán láti orí òkè, ohun kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu wọn: “Ẹ wo bí àwọn Òyìnbó ti ń tọ́jú nǹkan! Láti 1536 ni ọgbà yìí ti wà báyìí!” Èmi á ní rárá o, ilé ni ti 1536, ọgbà kò tíì ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan àti ìyàwó rẹ̀ tí ó wá láti Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a, láàárín 1908 sí 1918. Ojú wọn á wá fà ro bí ojú ẹni tí ó san owó aláró fún àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí léèrè bóyá a lè gba owó ìwọlé wa padà.

Ìjákulẹ̀ yẹn ni ó bí lẹ́tà yìí. Lójú tèmi, ohun tí ó ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ yẹn gan-an ni ògo ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ibẹ̀ ni ó sì tọ́ kí ẹ gbé e síwájú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí kò ní igun kan níbẹ̀.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ àìyípadà. Orúkọ tí à ń pè é lónìí, ọdún 1639 ni ó jẹ ẹ́; Colombiers ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ilé olódi kan ti wà níbẹ̀ láyé àwọn ọba ológun. Ìtàn ilé yín sọ pé ibẹ̀ ni Henry Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wá gbà níwájú Philippe Auguste, ọba Faransé, pé apá òun kò ká a mọ́, ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1189. Àìsàn ti wọ ọba yìí lára, Richard ọmọ rẹ̀ sì ti lọ dúró lẹ́yìn ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n wá ka orúkọ àwọn tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ sí i létí, àwọn akọ̀tàn sọ pé orúkọ John, àyànfẹ́ ọmọ rẹ̀, ni ó ṣíwájú. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà ó kú ní Chinon. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn àlejò mi lábẹ́ ilé-ìṣọ́ àtijọ́ yẹn, àwọn àgbàlagbà inú wọn a sì máa mi orí. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò nílò ògbufọ̀.

Ilé-ìṣọ́ náà nìkan ni Jean Le Breton dá sí nígbà tí ó wó ilé olódi náà palẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìṣúná Ọba François Kìn-ín-ní ni Le Breton. Òun ni wọ́n fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìkọ́lé Chambord, ààfin ńlá ọba náà, nítorí náà kò sí ohun tí ó ṣókùnkùn sí i nípa òkúta àti bíríkìlà. Ọba ti rán an ní iṣẹ́ lọ sí Ítálì rí, ó sì rí bí àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ ti ń fi ilé àti ọgbà ṣe ohun kan ṣoṣo. Ilé tí ó kọ́ fún ara rẹ̀ parí ní 1536: apá mẹ́ta tí ó yí àgbàlá ká, tí apá kẹrin sì ṣí sí àfonífojì tí odò Cher àti Loire ti ń lọ. Nínú àwọn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sí agbègbè Loire ní ìgbà Renaissance, ìgbà tí ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà sọjí ní Europe, òun ni wọ́n kà sí ìkẹyìn. Ìrísí rẹ̀ mọ́, kò sí ìkọ̀bẹ̀rẹ̀kọbẹrẹ lára rẹ̀. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Chambord lọ, èyí tí ó dà bí pé gbogbo ẹni tí ó kọjá ni wọ́n ní kí ó fi ilé-ìṣọ́ tirẹ̀ kún un.

Ọwọ́ àrólé Le Breton ni ilé náà wà títí di 1754, kí Máàkúìsì de Castellane tó rà á. Ikọ̀ ọba ni Castellane, ará Provence, ìgbádùn ni ó sì ń wá. Ó yí fèrèsé padà, ó tún yàrá ṣe, ó kọ́ ilé kún ilé. Lẹ́yìn náà ni ìdìtẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé ti 1789 dé, tí ìjọba gba ohun olówó lọ́wọ́ olówó. Láyé Napoléon, ó bọ́ sí ọwọ́ Jérôme, àbúrò ọba náà; ó sì tún ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ní ọ̀rúndún 19, àṣà tuntun gbòde: ọgbà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí koríko rẹ̀ ń gun òkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀nà rẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí igi ńláńlá ń hù bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n. Bí Parc Monceau ti rí ní Paris ni wọ́n ṣe fẹ́ kí Villandry rí. Wọ́n wó àwọn ògiri tí ó gbé ilẹ̀ ró ní ìpele-ìpele, wọ́n da erùpẹ̀ bo ohun gbogbo, igi sì hù dé ẹsẹ̀ ilé. Ohun tí Le Breton gbìn ti lọ ráúráú. Ẹ̀yin mọ èyí jù mí lọ. Mo sọ ọ́ kí àwọn tí wọ́n ń kà á pẹ̀lú yín lè mọ̀ pé nígbà tí bàbá ńlá yín dé ibẹ̀, ọgbà kankan kò sí tí ó lè tọ́jú. Igbó olówó ni ó bá.

Joachim Carvallo, ọmọ ìlú Don Benito ní ẹkùn Extremadura ní Sípéènì, ni wọ́n bí ní 1869. Kì í ṣe olóyè, kì í ṣe ọmọ ilé ńlá kankan ní Faransé. Onímọ̀ ìṣègùn ni, Charles Richet ni ó sì bá ṣiṣẹ́ ní Paris, Richet yìí kan náà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Nínú ilé ìwádìí yẹn ni ó ti pàdé Ann Coleman, ọmọbìnrin tí ó ti Pennsylvania wá kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, nígbà tí obìnrin kò tíì pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ ara wọn ní 1899. Ní 1906 wọ́n ra Villandry, nígbà tí ìwó ń rọ́ dẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀, bàbá ńlá yín sì kọ iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó ti ń wo inú ara ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ann, nítorí pé bí wọ́n bá ń ròyìn Villandry níta, Joachim ni wọ́n máa ń ròyìn. Òun ni ó lálàá, òun ni ó kọ̀wé, òun ni ó bá oníbíríkìlà jà. Ṣùgbọ́n ilé olódi kì í jẹ àlá. Ìdílé Coleman ti Lebanon ní Pennsylvania, irin ni wọ́n fi di olówó, owó irin yẹn ni ó sì hú àwọn igi Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn, tí ó tún ògiri mọ, tí ó dá àwọn fèrèsé ti Le Breton padà sí ipò wọn. Obìnrin tí ó lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ wà ní Paris tàbí New York kí ó máa jayé orí rẹ̀, ó gbà kí ó di ẹrẹ̀ àti òkúta ní abúlé kan ní etí odò Cher. Ní ilẹ̀ wa, bí ìyàwó bá kọ́ ilé tì ọkọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka oríkì ilé náà kí ó má dárúkọ rẹ̀. Orúkọ Ann ni mo fẹ́ kí ẹ kọ ṣáájú. Bí ó bá dun Joachim, kí ó bá mi wí.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n ó gbìn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí ẹ ti túbọ̀ la ẹnu. Bàbá ńlá yín gbẹ́ ilẹ̀, ó rí ìpìlẹ̀ ògiri àti ipa ọ̀nà omi. Ó wo àwòrán ilẹ̀ àtijọ́. Ó wo àwòrán ọgbà àwọn mọ́ǹkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kristi tí wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé àdúrà, níbi tí ebè ẹ̀fọ́ ti jókòó ní ìrísí àgbélébùú. Ó sì wo ìwé àwòrán ńlá tí Jacques Androuet du Cerceau tẹ̀ jáde ní 1576 àti 1579, níbi tí ó ti ya àwọn ilé tí ó dára jù ní Faransé pẹ̀lú ọgbà wọn. Ṣùgbọ́n Villandry kò sí nínú ìwé náà. Amboise wà níbẹ̀, Blois wà níbẹ̀, Chenonceau wà níbẹ̀. Ilé Le Breton kò sí. Ìyẹn ni pé orí àwòrán ọgbà ẹlòmíràn ni Joachim ti kọ́ bí ọgbà ìgbà yẹn ti máa ń rí, kí ó tó fi ìmọ̀ náà dá tirẹ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó ní ní ọwọ́. Ó kàwé bí ọ̀mọ̀wé, ó sì gbìn bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́. Àtúnṣe kọ́ ni mo máa pe èyí; ìṣẹ̀dá ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó gun òkè lọ wo ọgbà ìfẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí àlejò tí kì í béèrè ibẹ̀. Igi buis, igi kékeré tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, tí wọ́n gé kúkúrú ni wọ́n fi kọ ìtàn náà sí ilẹ̀ ní igun mẹ́rin. Èkíní ni ìfẹ́ ẹ̀lẹ̀: ọkàn tí iná wà ní àárín wọn, pẹ̀lú ìbòjú tí wọ́n fi ń jó ní alẹ́ ijó. Èkejì ni ìfẹ́ tí ó gbóná, níbi tí àwọn ọkàn ti fọ́ tí wọ́n sì lọ́ mọ́ ara wọn bí ẹni tí ń jó. Ẹ̀kẹta ni ìfẹ́ aláìdúró: abẹ̀bẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwo ẹni tí wọ́n dà láàárín wọn, lẹ́tà ìfẹ́ tí obìnrin kọ sí àlè rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀kẹrin ni ti àjálù: idà àti ọ̀bẹ, pẹ̀lú òdòdó pupa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n tìtorí obìnrin jà. Ìyá kan tí mo mú wá wò ó títí, ó ní: “Ṣé kò sí igun tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, tí wọ́n sì bímọ?” Kò sí, Màmá. Ní apá kejì, wọ́n gbin àwọn àgbélébùú: ti Malta, ti Languedoc, ti àwọn Basque.

Ta ni ó ya àwọn nǹkan wọ̀nyí? Lozano, oníṣẹ́ ọnà láti gúúsù Sípéènì, pẹ̀lú Javier de Winthuysen, ayàwòrán ará Seville tí ó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọgbà. Kò sí Le Breton níbẹ̀, kò sí François Kìn-ín-ní. Ará ilé Joachim ni ó pè. Bí ẹ bá sì wọ inú ilé, òkè yàrá kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti Faransé rárá: iṣẹ́ pákó ọ̀rúndún 15 láti Toledo, láti ilé àwọn olóyè Maqueda, tí àwọn olùgbẹ́ fi ọ̀nà tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Sípéènì mú dàgbà ṣe. Nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀ tí wọ́n gbé e dé, èékú pákó 3,600 ni ó jẹ́, odidi ọdún kan ni wọ́n sì fi tò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ kí n wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ń ti mí níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ yín.

Ọgbà ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Ilẹ̀ mẹ́sàn-án onígun mẹ́rin, gbogbo wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n àwòrán tí ó wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì. Kábéèjì aláwọ̀ aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bítírúùtù pupa, ewé kárọ́ọ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ létúùsì, poireau tí ewé rẹ̀ gùn bí ti alùbọ́sà wà lẹ́yìn wọn, igi èso kúkúrú dúró lọ́nà. Láàárín wọn ni àwọn igi róòsì onígi kan ṣoṣo dúró sí. Ìtàn sọ pé wọ́n dúró fún àwọn mọ́ǹkì tí wọ́n ń ro ebè wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ń gbìn ín lọ́dún, ní ìgbà ìrúwé àti ní oṣù kẹfà. Nǹkan bí oríṣi ẹ̀fọ́ 40, láti ìdílé mẹ́jọ, ni ó ń wọ ilẹ̀ lọ́dún, ẹ kì í sì í dá ìdílé kan padà sí ojú ebè tí ó ti kúrò títí ọdún mẹ́ta, kí ilẹ̀ má bàa gbó. Kò sí àgbẹ̀ wa tí ẹ nílò láti ṣàlàyé ìyẹn fún. Ohun tí ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu ni ti àwọ̀: pé ẹnì kan jókòó ní ìgbà òtútù, ó ya ebè bítírúùtù sí orí ìwé bí aláṣọ òkè ti ń to òwú, nítorí bí yóò ti rí lójú ẹni tí ó dúró ní fèrèsé.

Ẹ wo ata náà. Ẹ wo elégédé. Kò sí ẹni tí ó mọ méjèèjì ní Europe kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Amẹ́ríkà bọ̀ lẹ́yìn 1492. Ọ̀nà òkun kan náà ni ata gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní òní, ẹ bi ọmọ Yorùbá kí ni ọbẹ̀ rẹ̀ yóò dà láìsí ata. Á rò pé ẹ bú òun ni. Kò sí ẹni tí ó ń tìtorí pé ata jẹ́ àlejò kí ó yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọgbà àjèjì méjì yìí kéré sí ti Faransé gidi.

Ó ní ibi tí èmi àti bàbá ńlá yín kò ti fohùn ṣọ̀kan. Ó kórìíra ọgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lójú rẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ni, níbi tí ohun gbogbo bá ara wọn dọ́gba. Ọgbà onílà àti onígun ni ó fẹ́, níbi tí ẹ̀fọ́ wà nísàlẹ̀, òdòdó lókè rẹ̀, omi lókè pátápátá, tí oníkálukú sì mọ ààyè rẹ̀. Ó rí i bí àpẹẹrẹ bí ayé ti yẹ kí ó rí láàárín ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Ìyẹn ni n kò lè bá a lọ sí. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ ń jà á níyàn. Bí a bá yọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wà “nísàlẹ̀” kúrò, ọdún kan kò ní pé kí ọgbà náà tó di ti Gẹ̀ẹ́sì padà. Àwọn olùtọ́jú ọgbà yín kò ju nǹkan bí mẹ́wàá lọ, wọ́n sì ń tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n ń fi nǹkan bí irúgbìn ẹ̀fọ́ 60,000 àti òdòdó 55,000 sí lọ́dún. Igi tilleul tí ó lé ní 1,000 ni wọ́n ń gé nígbà òtútù. Mẹ́rin nínú wọn ni yóò fi bí oṣù mẹ́ta wà lórí àkàbà nídìí rẹ̀. Mo ti rí wọn ní oṣù kìíní, tí èémí wọn ń jáde bí èéfín. Ẹnikẹ́ni kò ra tíkẹ́ẹ̀tì wá wo ìyẹn.

Ohun kan wà tí mo gbà fún Joachim láìjanpata. Ní 1924 ó dá La Demeure Historique sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ni ilé àtijọ́ ní Faransé, ó sì ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn. Àwọn olóyè mélòó kan ni yóò ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àlejò tí wọ́n yóò yínmú! Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni mẹ̀kúnnù ti lè san owó wọ ilé olówó láti wo bí wọ́n ti ń gbé. Ẹni tí ó ń wàásù ipò àti ààyè ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀dá ò ṣeé ka tán.

Ẹ̀yin náà sì ti fi hàn pé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní 2008 ẹ ṣí ọgbà oòrùn ní òkè, èrò Joachim tí kò ráyè ṣe kí ó tó kú ní 1936. Alix de Saint Venant àti Louis Benech ni wọ́n bá yín yà á tí wọ́n sì gbé e dìde. Ọgbà “àtijọ́” wo ni ó tún ń bímọ ní 2008? Ní ọdún kejì, 2009, ẹ fi oògùn kẹ́míkà sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀fọ́, ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi ń tu koríko báyìí. Mo gbóríyìn fún yín lórí ìyẹn, àti nítorí ẹ̀yìn tí ó ń ro àwọn tí ó ń tu ú pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ mi wá kan ìpinnu tí ó ń bọ̀ níwájú. Igi buis ni egungun ọgbà yín, ara rẹ̀ kò sì yá káàkiri Europe. Labalábá kan tí ó ti ìlà oòrùn Éṣíà wá dé Jámánì ní 2007, ó sì wọ Faransé láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Kòkòrò rẹ̀ ń jẹ ewé buis títí igi yóò fi ṣẹ́ kù ní ìhòhò. Àrùn ewé tún ń bá a fínra. Ọ̀dá sì ń pọ̀. Gbogbo wa la rí bí ẹ̀ẹ̀rùn 2022 ti ṣe Faransé. Àwọn ọgbà mìíràn ti hú buis wọn, wọ́n ti gbin igi mìíràn rọ́pò. Bí ó bá di ọjọ́ tí ẹ̀yin náà yóò jókòó ro ó, mo mọ irú ariwo tí yóò sọ: “Ẹ̀ ń ba ohun tí ó ti wà láti ìgbà Renaissance jẹ́!” Àwọn àlejò tí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé 1536 ni ọgbà náà ni yóò kọ́kọ́ pariwo, ẹ kò sì ní rí ẹnu dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé dókítà kan ló fi ọpọlọ rẹ̀ dá a, tí ìyàwó rẹ̀ fi owó rẹ̀ gbé e ró, tí ẹni méjì láti Sípéènì yà á, wọn yóò mọ̀ pé ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ro ó kí ó sì yí i padà. Ìdájọ́ ti igi wo ni kí ẹ gbìn, ti ẹ̀yin àti àwọn olùtọ́jú ọgbà yín ni. Mo kàn ń sọ pé kí ẹ tú ara yín sílẹ̀ ni.

Àjọ UNESCO ti fi àfonífojì Loire sínú ogún aráyé láti 2000, Villandry sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní já wálẹ̀ nítorí òtítọ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ gbé pátákó kan sí ibi tí èèyàn ti kọ́kọ́ ń rí ọgbà, kì í ṣe nínú yàrá lókè níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n tí ìyá ń wá ọmọ. Kí ẹ kọ 1908 sí i gàdàgbà. Kí ẹ kọ Ann Coleman, kí ẹ kọ Joachim Carvallo, kí ẹ sọ ibi tí wọ́n ti wá. Kí ẹ kọ Lozano àti Winthuysen. Kí ẹ sọ fún wa pé orí àwòrán ọgbà àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ààyè bá ṣẹ́ kù, kí orúkọ àwọn tí wọ́n ń gun àkàbà ní oṣù kìíní tẹ̀ lé e, ní ọdọọdún, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Faransé, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Spanish. Ti Yorùbá, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo ṣe tán láti kọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù kẹfà ni ẹ máa tún ebè gbìn fún ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará ilé mi kan ń bọ̀ ní oṣù keje. Bí pátákó náà bá lè wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, yóò gba ẹnu mi là.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan ní Tours